Fíìmù ‘October 1’ Dára, Ṣùgbọ́n Ta Ni Ó Rántí Àwọn Ọmọbìnrin Náà?

Ní alẹ́ ọjọ́ àyájọ́ Òmìnira tí a ṣe kọjá, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti yan tán ní pápá, tí àwọn ìjòyè ìjọba ti padà sí ilé wọn, tí òjò sì ti lé gbogbo ènìyàn wọlé, àwa mẹ́sàn-án tí a jọ ń gbé àdúgbò kan náà ní ìlú Lọ́kọ́jà kó ara wa jọ sí yàrá ìgbàlejò mi láti wo fíìmù kan. Ọmọ mi ọkùnrin ni ó yan fíìmù náà. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni a wà, kò sí èyí tí ó tún yẹ kí a wò bí kò ṣe October 1. Kúnlé Afọláyan ni ó darí rẹ̀, Túndé Babalọlá ni ó kọ ìtàn rẹ̀, ọdún 2014 ni ó sì jáde. Mo ti wò ó nígbà náà, èmi nìkan, n kò sì sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Mo rò pé bí mo bá tún un wò láàárín èrò, ẹ̀rù rẹ̀ yóò dín kù. Kò dín kù. Ohun mìíràn ni ó kún un, òun ni ó sì mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi tí ẹ kò tíì wò ó, ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún yín ṣáájú. N kò lè sọ ohun tí ó dùn mọ́ mi àti ohun tí ó bí mi nínú nínú fíìmù yìí láìtú àṣírí rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ apànìyàn náà kí ó tó wò ó, kí ó rọra ká ìwé ìròyìn yìí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbà tí ó bá wò ó tán ni kí ó wá kà á.

Ìtàn náà lọ báyìí. Ọdún 1960 ni, Òmìnira ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní ìlú kékeré kan ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n pè ní Akote, ẹnì kan ń pa àwọn ọmọbìnrin. A máa fipá bá wọn lò, a sì máa fi ọ̀bẹ gé àmì àgbélébùú sí wọn láyà. Àwọn òyìnbó amúnisìn rán Ìnsípẹ́kítọ̀ Danladi Waziri, ọmọ Òkè-Ọya, pé kí ó lọ wá apànìyàn náà rí kí àsíá tuntun tó gòkè. Sájẹ́ǹtì Afọ̀njá, ọmọ Yorùbá, ni igbákejì rẹ̀. Ní àkókò kan náà ni Ọmọọba Adérọ́pò padà dé láti yunifásítì, òun ni ọmọ ìlú náà àkọ́kọ́ tí ó dé irú ibẹ̀, gbogbo ìlú sì yọ̀ mọ́ ọn. Òun náà ni apànìyàn.

Ìran tèmi mọ ẹ̀rù inú sinimá láti ọwọ́ Hubert Ògúńdé. Mo rántí gbọ̀ngàn kan ní Kábbà, nígbà tí gbogbo agbègbè wa ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi lọ wo Ayé, fíìmù tí Ògúńdé ṣe ní ọdún 1979. Nígbà tí àwọn àjẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé wọn, mo fi ìbòrùn ẹ̀gbọ́n ìyá mi bo ojú, mo sì ń yọjú wò láti etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìgbà náà ní ìsinmi nínú. A mọ ẹni tí ó burú láti ìbẹ̀rẹ̀. A mọ Ọ̀ṣẹ́túrá pẹ̀lú, tí Ògúńdé fúnra rẹ̀ ṣe, ó sì dá wa lójú pé bí ó ti wù kí òru náà gùn tó, yóò borí wọn. Bí a ti ń padà lọ sílé ni a ti ń fi àwọn àjẹ́ náà ṣẹ̀fẹ̀.

Kúnlé Afọláyan kò fún wa ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ àwọn àgbà wọ̀nyí. Adéyẹmí Afọláyan, ọmọ Agbamu ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ni bàbá rẹ̀, ẹni tí a rí nínú Àjàní Ògún ní 1976 àti nínú Ìjà Òmìnira ní 1979. Ọmọ náà dàgbà nídìí sinimá. Ṣùgbọ́n nínú October 1, kò sí àjẹ́ tí ó fò, kò sí iwin tí ó yọ láti inú igbó. Ọ̀nà oko ni a rí, ọmọbìnrin kan ni a rí tí ń rìn lórí rẹ̀, ilẹ̀ sì ń ṣú. Ewé mì díẹ̀. Ọmọ náà wẹ̀yìn, kò rí nǹkan kan, ó tún ẹsẹ̀ mọ́rìn. Ohun gbogbo tí ó wà níbẹ̀ ni àwa pẹ̀lú mọ̀, a ti rán àwọn ọmọ wa gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ ra epo, lọ ra iyọ̀. Ìdí nìyí tí àyà fi ń já ènìyàn. Fíìmù náà kò fi ojú apànìyàn hàn wá fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà gbogbo ojú tí ó bá kọjá ni a ń wò. Ẹni tí ń rẹ́rìn-ín, a fura sí i. Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín, a fura sí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti kí á dẹ́rù ba ènìyàn láìpariwo, n kò tíì rí fíìmù ilẹ̀ wa tí ó ju èyí lọ.

Àwọn tí ó tún ayé ọdún 1960 náà ṣe ṣiṣẹ́ wọn. Pat Nebo ni ó ṣètò ibi gbogbo, Déọlá Ṣàgóẹ̀ ni ó ṣe aṣọ, òun kan náà ni ó sì farahàn díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ṣòkòtò kúkúrú kákí àwọn ọlọ́pàá, ọkọ̀ àtijọ́ tí ń kọ́, bí àwọn obìnrin ti ń wé gèlè kí ó tó di pé a sọ gèlè di òrùlé, gbogbo rẹ̀ ni ó bá ìrántí àwọn àgbà mu. Ìyá àgbà kan tí ó wà láàárín wa, tí ó ti di ìyàwó ilé kí òyìnbó tó lọ, kò sọ̀rọ̀ nípa ìpànìyàn rárá ní wákàtí àkọ́kọ́. Aṣọ ni ó ń wò.

Ti Sadiq Daba, tí ó ṣe Waziri, mo gbọ́dọ̀ dúró sọ ọ́ díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú ní àwọn ọdún 1980 yóò rántí rẹ̀ nínú Cockcrow at Dawn, eré tí NTA máa ń gbé jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Nínú October 1, ó ti dàgbà, ojú rẹ̀ ti wọnú, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹrù ìtàn náà wà léjìká rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì pariwo lórí rẹ̀. Ó pa ipò dà ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 2021. Káyọ̀dé Ọláìyá, Adẹ́rùpọkọ̀ wa, ni ó bá a ṣe Sájẹ́ǹtì Afọ̀njá. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ náà bóyá ẹni tí ó kọ ìtàn náà mọ̀ọ́mọ̀ yan orúkọ yẹn. Afọ̀njá ti Ìlọrin ni ó pe àlejò wọlé láti bá a ṣọ̀tẹ̀ sí Ọ̀yọ́, tí ọ̀rọ̀ àlejò náà sì wá di ikú rẹ̀. Ẹni tí ó bá pe ọlọ́pàá Yorùbá ní Afọ̀njá, tí ó sì fi í sábẹ́ ọ̀gá tí ó ti Òkè-Ọya wá, ó ń bá wa ṣeré ni, tàbí kò mọ ohun tí ó ń ṣe.

Àléébù kékeré kan wà tí n kò ní fi àkókò ṣòfò lé lórí. Nígbà mìíràn, àwọn ènìyàn inú fíìmù náà a máa jókòó jíròrò nípa ọjọ́ iwájú Nàìjíríà bí ẹni pé wọ́n ti ka ìròyìn ọdún 1967 sí 1970 tẹ́lẹ̀. Èmi kò rò pé àwọn bàbá wa mọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní 1960. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, wọn ì bá má jó bí wọ́n ti jó.

Níbi tí fíìmù náà ti gbóná ni iná lọ. Wọ́n ti pa ọmọbìnrin Okafor, ọkùnrin Ìgbò kan tí ń gbé Akote, tí Kanayo O. Kanayo ṣe. Wọ́n sì ti mú arìnrìn-àjò Haúsá kan tí ọ̀rọ̀ náà ṣe bí ẹni pé ó kàn. Gbogbo yàrá ṣú. Ẹnì kan ní kí a lọ tan jẹnẹrétọ̀, a kò ní epo. A jókòó sínú òkùnkùn, òjò ń rọ̀ sórí páànù, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹjọ́.

“Òun ni,” ni aládùúgbò wa obìnrin kan wí, obìnrin tí n kò mọ̀ ní ìkà. “Kí ni ó ń wá nínú igbó ìlú onílùú?”

Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé ojú ọkùnrin náà gan-an kò jọ ti ènìyàn rere. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ígálà kan tí ó wà láàárín wa ní rárá, Sájẹ́ǹtì ni, nítorí pé Yorùbá a máa rẹ́rìn-ín sí ènìyàn kí ó tó ṣe é. Àwa Yorùbá rẹ́rìn-ín, a kò sì gbà fún un. Àbúrò mi ní bàbá ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n lọ tẹ̀ nínú, pé ó lè jẹ́ pé ó fi ọmọ ṣe òògùn owó. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, kò sí ẹ̀yà kan nínú ìlú yìí tí a kò tíì fi sí àtìmọ́lé. Ó dùn púpọ̀, n kò ní purọ́. A ń pariwo, a ń ta ara wa lẹ́nu. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ Ọmọọba. Ọmọ tí ó kàwé, tí ó wọ kóòtù, tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì dáradára, ta ni yóò fura sí i? Èmi àti ọmọ mi nìkan ni a ti wo fíìmù náà rí. A mọ òtítọ́, a sì panu mọ́. A ní a kò fẹ́ ba adùn jẹ́.

Ẹnì kan wà láàárín wa tí kò sọ nǹkan kan. Àlàájì ni a ń pè é, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Haúsá. Lọ́kọ́jà ni a bí bàbá bàbá rẹ̀ sí. Èmi tí ń kọ̀wé yìí, ọdún kejìlélọ́gbọ̀n mi nìyí tí mo ti Kábbà sọ̀ kalẹ̀ wá síbí, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹni tí ó ni ìlú, n kò tó ẹni tí í bá Àlàájì jà á. Nínú òkùnkùn náà, ìró tẹ̀sùbáà rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́.

Bí ìlú wa ti rí nìyí. Ní nǹkan bí ọdún 1860 ni William Balfour Baikie tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀ òkè Patti, nítòsí ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, tí oríṣiríṣi ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀: Tápà, Haúsá, Yorùbá, àti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Níhìn-ín ni Lugard ti gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, tí ó sì ti kéde pé gbogbo ilẹ̀ Àríwá ti bọ́ sábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ wa ní Kábbà, ní Ìjùmú àti ní Yàgbà wà nínú ilẹ̀ tí ó kéde rẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni wá. Nítorí náà bí fíìmù kan bá ní òun fẹ́ sọ ìtàn àwọn òru tí ó ṣáájú gbígbé àsíá kan sókè, kò sí ìlú tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà tètè yé ju tiwa lọ. A ti gbé àsíá sókè níhìn-ín rí, a kò sì bi ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó dúró sábẹ́ rẹ̀ léèrè.

Iná padà dé. Kò pẹ́ rárá tí Okafor fi pa arìnrìn-àjò náà. Ìbànújẹ́ ọmọ ni ó gbé e lọ síbẹ̀, Kanayo sì ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò fi lè kórìíra rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Lẹ́yìn náà ni a tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé kò parí, pé ọkùnrin náà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, pé ọ̀nà tirẹ̀ ni ó ń lọ. Yàrá mi dákẹ́. Aládùúgbò wa obìnrin náà yíjú, ó ní, “Àlàájì, ẹ má bínú o.”

Àlàájì ní, “Kí ni ẹ ṣe?” Ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Mo gbà pé iná tí ó lọ ni ó bá Kúnlé Afọláyan ṣe iṣẹ́ náà dé àyè yìí. Síbẹ̀ fíìmù tí ó lè mú ènìyàn mẹ́sàn-án dá ẹjọ́ èké, kí ó sì dá ẹjọ́ náà padà sọ́wọ́ wọn kí ilẹ̀ tó mọ́, kì í ṣe fíìmù tí a ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Gbogbo wa ni a mọ òwe náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná lọ, òde ni gbogbo wa ń wò.

Ohun tí ó tún dára jù lọ nínú ìtàn náà ni ibi tí ó wá orísun ìkà náà lọ. Nígbà tí Adérọ́pò wà lọ́mọdé, a mú òun àti ọmọ mìíràn láti ìlú náà lọ sí Èkó, sọ́dọ̀ àlùfáà òyìnbó kan, Fáda Dowling, pé kí ó kọ́ wọn níwèé. Àlùfáà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣe ohun tí a kì í bá ọmọdé ṣe. Èkejì, Àgbẹ̀kọ̀yà, tí Kúnlé Afọláyan fúnra rẹ̀ ṣe, sá padà wálé, ó kọ ìwé, ó kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó di àgbẹ̀ títí ayé. Adérọ́pò dúró. Ó kàwé jáde, ó sì mú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bọ̀ wálé, ọdún mẹ́fà tí ó fi jìyà sì di ọmọbìnrin mẹ́fà tí ó pinnu láti pa.

Àwa ọmọ Kábbà àti agbègbè rẹ̀, ilé-ìwé ìjọ ni ó là wá lójú. Èmi jẹ nínú oúnjẹ wọn, àwọn àlùfáà tí ó kọ́ mi sì ṣe mí dáadáa. N kò ní jẹ́ kí fíìmù kan mú mi sọ̀rọ̀ wọn láìdára. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ojú àwọn òbí wa ti rí nígbà tí wọ́n ń fà wá lé àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ́wọ́. Wọn kò béèrè nǹkan kan. Ta ni yóò bi ẹni tí ó ní ìwé àti Ọlọ́run lọ́wọ́ kan náà léèrè? Fíìmù yìí béèrè rẹ̀, ní ọdún 2014, lójú gbogbo ayé, ó sì gba ìgboyà.

Ṣùgbọ́n ibí yìí ni inú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí méjì. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ni ó wà ní ilẹ̀ yìí tí irú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Adérọ́pò ti ṣẹlẹ̀ sí. Òfin wa àtijọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ wọ́n, nítorí pé obìnrin nìkan ni ó gbà pé a lè fipá bá lò. Àfi òfin lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, ọdún kan lẹ́yìn tí fíìmù náà jáde, ni ó wá ka ọkùnrin mọ́ ọn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò jókòó sáàárín ẹbí rẹ̀, yóò wo October 1, kò ní sọ nǹkan kan. Kí ni yóò rí? Yóò rí i pé ẹni tí a ṣe báyìí ni apànìyàn. Yóò rí i bí àwọn ará ilé rẹ̀ ti ń pariwo pé kí wọ́n pa ẹranko náà. Bí ó bá ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ kan ni òun yóò sọ fún ìyá òun, ṣé yóò tún sọ ọ́ lẹ́yìn alẹ́ yẹn?

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé Àgbẹ̀kọ̀yà wà níbẹ̀, ẹni tí a ṣe ní ọgbẹ́ kan náà tí kò sì pa ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Orúkọ rẹ̀ gan-an tó fún ìtàn tirẹ̀, nítorí pé nǹkan bí ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn Òmìnira ni àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn fi orúkọ yẹn dìde pé àwọn kọ ìyà. Ṣùgbọ́n àyè kékeré ni fíìmù náà fún un. Ó wá láti ṣe àlàyé Ọmọọba fún wa, lẹ́yìn náà ó padà sí oko rẹ̀. Báwo ni ó ṣe ń sùn? Kí ni ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀? Ọkùnrin tí ó ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tí ó sì ń gbin iṣu, tí kò gbé ọ̀bẹ sí ẹnikẹ́ni, òun gan-an ni mo fẹ́ mọ̀. Ẹ̀rù ni ó ń ta fíìmù, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tí ń gbin iṣu kò lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Ìparí rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Waziri ti rí òtítọ́, ó gbé e lọ síwájú àwọn òyìnbó tí ó rán an níṣẹ́, wọ́n sì jẹ́ kí ó yé e pé ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ jáde. Òmìnira ti dé ẹnu ọ̀nà, kò yẹ kí ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá ayẹyẹ náà jẹ́, kí ó má baà dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀yà. Ní ọdún 2014, mo bínú sí apá yìí. Mo ní kí ni ó dé tí ọkùnrin tí ó le tó Waziri yóò fi gbà? Ní alẹ́ ọjọ́ yìí, n kò lè bínú mọ́, nítorí pé èmi pẹ̀lú jókòó nínú òkùnkùn ní wákàtí kan ṣáájú, mo mọ̀ pé ọmọ Haúsá náà kò ṣe nǹkan kan, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa dá a lẹ́jọ́ níwájú Àlàájì nítorí adùn eré. Àsíá funfun àti ewé tí Táíwò Akínkúnmi yàwòrán rẹ̀ gòkè nínú ayọ̀. Gbogbo wa ni a mọ orin tí a kọ́ wa láti kọ lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó parí, ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yin eré àwọn òṣèré náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ó dúró ná. Mo ní kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọ̀kan péré nínú àwọn ọmọbìnrin tí a pa.

A rántí Waziri. A rántí Afọ̀njá, a rántí Dowling tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. A rántí Tàwá, olùkọ́ tí Kẹ́hìndé Bánkọ́lé ṣe, nítorí pé òun bọ́ lọ́wọ́ ikú, ó sì ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà rántí àwọ̀ gèlè kan. Ẹnì kan ní, “Ọmọ Okafor.” Mo ní orúkọ bàbá rẹ̀ nìyẹn. A jókòó bẹ́ẹ̀. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni a fi wo ìtàn ikú wọn, a mọ bí a ti gé wọn láyà, nítorí pé kámẹ́rà dúró tì í dáadáa kí a lè rí i, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tí ọ̀kan nínú wọn fẹ́ràn láti jẹ. Bí wọ́n bá dárúkọ wọn fún wa, wọ́n dárúkọ wọn bí ẹni tí ń ka ẹrù ọjà. Òkú wọn ni ó wúlò fún ìtàn náà. Akote ń ṣọ̀fọ̀ wọn, ṣùgbọ́n fíìmù náà ń kánjú lọ wá ẹni tí ó pa wọ́n, àwa náà sì ń bá a kánjú. Èyí ni ohun tí n kò lè dárí jì í pátápátá, bí ó ti wù kí ó dára tó, n kò sì lè dárí rẹ̀ ji ara mi náà, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kejì tí mo wò ó nìyí.

Àlàájì nìkan ni ó dárúkọ ẹnì kan. Arìnrìn-àjò Haúsá náà ni ó dárúkọ, orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Ó kí wa pé ó di àárọ̀, ó wọ bàtà rẹ̀, mo sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà nínú òjò.

Bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ wò ó, ẹ wò ó. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké wà níbẹ̀, kì í ṣe tiwọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá ọmọ mi obìnrin ní ìdí tẹlifíṣọ̀n. Ó ti dá fíìmù náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì mú bírò àti ìwé pélébé kan lọ́wọ́.